Bí a ṣe ń fi fọ́tò oko àtijọ́ tí wọ́n yà láti òfuurufú ṣe ọ̀ṣọ́ ògiri

Ẹ rí fọ́tò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yà láti inú bàálù ní nǹkan bí ọdún 1938: oko onígun mẹ́rin tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọnà ara aṣọ. Ó wù yín. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ fọ́tò, ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní mítà kan. Nígbà tí ẹ gbé e délé, aṣọ rẹ́súrẹ́sú lẹ bá nínú férémù. Àárín rẹ̀ mọ́ díẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣú, ààlà oko tó hàn kedere lójú fóònù sì dà bí ohun tí wọ́n fi ọwọ́ pa rẹ́.

Ó ti ṣe èmi náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kejì mo tiẹ̀ bínú sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Fáìlì tí mo gbé fún un ló kéré, mi ò sì tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe. Yíyan fọ́tò àti títún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà la ó sì ti pẹ́ jù. Férémù àti ìṣó kì í ṣe wàhálà. Fọ́tò oko ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo máa lò, torí pé ìjọba wọn tọ́jú rẹ̀ lọ́pọ̀, wọ́n sì ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí ẹ nílò

- Kọ̀ǹpútà tó ní ààyè tó pọ̀ díẹ̀. Fóònù kò ní lè gbé fáìlì yìí dáadáa.
- Íntánẹ́ẹ̀tì àti àdírẹ́sì ímeèlì tí ẹ máa fi ṣí àkáǹtì.
- GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá ti ní Photoshop, ẹ lo tiyín.
- Téèpù tí a fi ń wọn nǹkan, páálí ńlá kan, àti téèpù alẹ̀mọ́ tí kì í ṣí ọ̀dà ògiri.
- Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń fi yíǹkì pigment tẹ fọ́tò sórí bébà tí kò dán.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irú ìlà tí ẹ ń wá kí ẹ tó ṣí ìkànnì kankan

Ẹni tó bá wọ inú àkójọ yẹn láìmọ ohun tó ń wá, ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀, á sì padà gbé èyí tó kọ́kọ́ rí. Irú oko kọ̀ọ̀kan ní ibi tó wà àti ìgbà tó dé, nítorí náà ẹ yan ìlà ná.

*Àpótí-àpótí.* Iowa, Kansas àti Nebraska ni kí ẹ lọ. Òfin ọdún 1785 ni wọ́n fi pín ilẹ̀ ibẹ̀ sí àpótí máìlì kan ní òró àti máìlì kan ní ìbú, éékà 640 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú ọ̀nà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ àpótí náà kọjá. Ó máa ń bá yàrá tí ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀ mu. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí odò tàbí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó dábùú rẹ̀, kì í pẹ́ sú ènìyàn.

*Ìlà tó ń lọ́ bí ejò.* Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Wisconsin ni, pàápàá Coon Valley. Láti 1933 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ láti máa kọ ebè tẹ̀ lé ìdagun òkè kí àgbàrá má bàa wọ́ ilẹ̀ lọ. Kí ẹ wá fọ́tò ìparí ẹ̀wádún 1930 sí 1939 sókè. Bí ẹ bá bi mí, òun ló rẹwà jù nínú gbogbo wọn: kò sí ìlà kan tó jọ èkejì, síbẹ̀ gbogbo wọn ń bá ara wọn rìn.

*Ọ̀já-ọ̀já.* Ní Montana, àwọn àgbẹ̀ àlìkámà máa ń gbin ọ̀já ilẹ̀ kan, wọ́n á sì fi èyí tó tẹ̀ lé e sílẹ̀ kó sinmi, kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ. Láti òkè, dúdú-funfun-dúdú-funfun ni. Ẹni tí kò fẹ́ ìyọnu púpọ̀ níbi títún ìmọ́lẹ̀ ṣe, irú èyí ni kó mú, torí pé ìyàtọ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

*Òbìrìkìtì.* Ẹ̀rọ abomirin gígùn tó ń fi táyà yí po lójú kan ló ń ṣe é. Ọdún 1952 ni Frank Zybach gba ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ náà, nítorí náà ẹ má fi àkókò yín ṣòfò láti wá òbìrìkìtì nínú fọ́tò ọdún 1940. Ẹ wo ìwọ̀-oòrùn Kansas, ní àyíká Garden City, láti ọdún 1970 sókè. Òbìrìkìtì kan fẹ̀ tó nǹkan bí 800 mítà.

*Tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn.* Ní Louisiana, lẹ́bàá odò Mississippi àti Bayou Lafourche, oko máa ń bẹ̀rẹ̀ létí omi, á sì lọ tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn jìnnà bí eyín òòyà. Ó dára fún ògiri tó gùn lọ sókè.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, bíi “ìlà tó ń lọ́, Wisconsin, 1939 sí 1955.” Bí ẹ kò bá tíì lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì lọ sí ìgbésẹ̀ 2.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gba fáìlì gidi, kì í ṣe òjìji rẹ̀

Ẹ lọ sí earthexplorer.usgs.gov, ìkànnì iléeṣẹ́ USGS ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ ṣí àkáǹtì. Láìsí i ẹ lè wo fọ́tò, ẹ kò lè gbà á.

Ní Search Criteria, ẹ kọ orúkọ ìlú tàbí kí ẹ tẹ igun mẹ́rin ilẹ̀ náà lórí máàpù, kí ẹ sì fi ọdún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí sí i. Ẹ bọ́ sí Data Sets, ẹ ṣí Aerial Imagery, ẹ fi àmì sí Aerial Photo Single Frames. Èyí tó pẹ́ jù níbẹ̀ jẹ́ ti 1937. Bí òbìrìkìtì ni ẹ ń wá, ẹ fi NHAP kún un, àkójọ fọ́tò tí ìjọba wọn yà láti òkè réré, ti 1980 sí 1989. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ Results. Bí ẹ bá tẹ àmì àtẹ́lẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, máàpù á fi ibi tí fọ́tò náà bò hàn yín.

Àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn máa ń ṣìnà díẹ̀ o. Wọ́n fojú bù ú ni fún ọ̀pọ̀ fọ́tò àtijọ́. Bí oko tí ẹ fẹ́ bá bọ́ sí etí, tàbí tí kò tiẹ̀ sí níbẹ̀, ẹ wo fọ́tò tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bí bàálù ṣe ń lọ tààrà, fọ́tò kọ̀ọ̀kan máa ń tún yà tó ìdá 60 nínú 100 ilẹ̀ tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ti yà, nítorí náà oko tó ṣẹ́ létí fọ́tò kan máa ń wà láàárín òmíràn.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jìn sí kòtò. Nígbà tí ẹ bá tẹ fọ́tò láti wò ó, àwòrán kan á ṣí tó kún ojú kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń dùn-ún wò. Àwọn kan á tọ́jú ìyẹn, wọ́n á lọ tẹ̀ ẹ́. Àwòrán àwòyàn lásán ni. Fáìlì gidi wà lábẹ́ àmì Download Options, oríṣi méjì ló sì wà: medium, tí wọ́n sikáànì ní àmì 400 nínú ínǹṣì kan, àti high, tó jẹ́ 1000. Kì í ṣe gbogbo fọ́tò ló ní high. Bó bá wà, òun ni kí ẹ mú, kódà kó gba gbogbo alẹ́ kó tó wọlé tán.

Ní ti ẹ̀tọ́ oníṣẹ́: fọ́tò tí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà yà nínú iṣẹ́ rẹ̀ wà fún gbogbo ènìyàn, ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè tà á pàápàá. Èyí kò kan fọ́tò ilé-oko tí àwọn oníṣòwò fò kọjá yà láti ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n sì ń kiri láti ojúlé dé ojúlé. Ìyẹn ní olówó rẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ kò sí ní Amẹ́ríkà, àwọn fọ́tò sátẹ́láìtì Corona, 1960 sí 1972, wà lórí ìkànnì kan náà lábẹ́ Declassified Data. Ìlà oko ńlá máa ń hàn nínú rẹ̀. Ebè kì í hàn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* fáìlì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ .tif. Medium máa ń tó píksẹ́lì (àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di fọ́tò) 3600 ní ẹ̀gbẹ́ kan, high máa ń tó 9000. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá tó MB kan, àwòrán àwòyàn lẹ mú; ẹ padà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó fẹ́ràn rẹ̀ jù

Ìṣirò méjì ni. Ti bébà ni àkọ́kọ́: ẹ fi 300 pín iye píksẹ́lì, ẹ ó rí iye ínǹṣì tí ẹ lè tẹ̀ tí ènìyàn á fi sún mọ́ ọn wò láìrí àbùkù. Fáìlì 3600 á fún yín ní ínǹṣì 12. Fáìlì 9000 á fún yín ní 30, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 76. Bó bá jẹ́ òkè àga ìjókòó ló máa wà, tí a ó máa wò ó láti òdìkejì yàrá, ẹ lè fi 150 pín in, kí ohun gbogbo di ìlọ́po méjì. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ ju 150 lọ. Fífà tí kọ̀ǹpútà ń fa fọ́tò gùn kì í bí ohun tuntun sínú rẹ̀, ńṣe ló ń ṣan án.

Ìkejì ni mo rí i pé àwọn ènìyàn kì í ṣe rárá: báwo ni oko kan ṣe máa tóbi tó lórí ògiri? Ẹ wo Scale nínú àlàyé fọ́tò náà, ìyẹn iye ìgbà tí ilẹ̀ gidi fi tóbi ju bó ṣe wà lórí fíìmù lọ. Fíìmù wọn máa ń jẹ́ ínǹṣì 9. Bí Scale bá jẹ́ 1:20,000, èyí tí wọ́n lò jù fún oko láyé ìgbà náà, ilẹ̀ kìlómítà 4.6 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ tẹ odindi rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, àpótí máìlì kan á tó sẹ̀ǹtímítà 21, bí àwo oúnjẹ. Ẹ ó rí igi, ẹ ó rí òrùlé abà. Ti NHAP dúdú-àti-funfun jẹ́ 1:80,000, kìlómítà 18. Lórí bébà kan náà, àpótí á di sẹ̀ǹtímítà 5. Kò sí igi mọ́, aṣọ ni gbogbo rẹ̀ dà. Méjèèjì dára. Ohun tí kò dára ni kí ẹ fẹ́ igi kí ẹ ra aṣọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gé páálí ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ tẹ̀, ẹ fà àpótí kan sí i ní títóbi tí ìṣirò fún yín, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri fún ọjọ́ méjì. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé bébà tí ẹ rò kéré jù.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ nu eruku rẹ̀

Ẹ ṣí fáìlì náà nínú GIMP. Ẹ lọ sí Image, Precision, ẹ yan 16 bit integer, kí àwọ̀ má bàa já sí ìpele-ìpele nígbà tí ẹ bá ń tún un ṣe. Ẹ gé etí dúdú kúrò, pẹ̀lú àwọn àmì kékeré igun tí wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀n. (Èmi máa ń fi etí tí wọ́n kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà sí sílẹ̀ nígbà mìíràn, ó lẹ́wà lábẹ́ férémù.) Fún eruku àti ìlà tó ha fíìmù, ẹ lo Heal.

Ẹ fi ìfọ́kànbalẹ̀ ṣe é, kí ẹ sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ dúró. Ẹni tó bá nu gbogbo nǹkan á nu ẹran tó ń jẹko mọ́ ọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ní 100%, ẹ rìn kiri gbogbo ojú fọ́tò láti òsì sí ọ̀tún. Kò gbọdọ̀ sí àmì funfun tó mú yín dúró.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe

Lẹ́ǹsì tí wọ́n fi yà wọ́n fẹ̀ gan-an, nítorí náà àárín máa ń mọ́, igun máa ń ṣú. Lójú kọ̀ǹpútà ẹ lè má kíyè sí i. Lórí ògiri, ńṣe ló máa dà bí ihò tí ẹ ń yọjú wò.

Ẹ ṣe ẹ̀dà ojú fọ́tò náà kan sórí ara rẹ̀ nípa Duplicate Layer. Ẹ lọ sí Filters, Blur, Gaussian Blur, ẹ fi 1500 sí i bí fáìlì bá jẹ́ 9000, tàbí 600 bó bá jẹ́ 3600. Kọ̀ǹpútà á pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pẹ́. Gbogbo oko á parẹ́, kìkì ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn á ṣẹ́kù bí ìkùukùu. Ẹ yí Mode ẹ̀dà yìí sí Grain extract, ẹ sì dín Opacity rẹ̀ kù sí nǹkan bí 60. Igun á mọ́, àárín á rọlẹ̀. Ẹ wá tẹ Flatten Image.

Ìkìlọ̀: ẹ má dín nọ́ńbà blur yẹn kù nítorí pé kọ̀ǹpútà yín lọ́ra. Bí blur bá kéré ju oko kan lọ, ó máa rò pé òkùnkùn oko náà gan-an ni àbùkù, á sì fọ̀ ọ́ dànù. Ilẹ̀ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ máa ń dúdú, àlìkámà tó gbó máa ń funfun; ìyàtọ̀ yẹn lẹ wá rà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, 100 ni mo fi sí i, gbogbo oko Kansas sì di àwọ̀ eérú kan ṣoṣo pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn.

Ní báyìí, ẹ ṣí Colors, Curves. Ẹ fa apá ìsàlẹ̀ ìlà náà wá sísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé apá òkè rẹ̀ sókè díẹ̀, kó rí bí S tí kò tẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà ẹ gbé igun ìsàlẹ̀ pátápátá kúrò lórí 0 sí nǹkan bí 5 nínú 100, torí pé bébà tí kò dán máa ń gbé dúdú mì: ohun tó jẹ́ igbó lójú kọ̀ǹpútà á di ihò lórí bébà. Ẹ gbé àárín ìlà náà sókè díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ojú kọ̀ǹpútà ń tàn, bébà kì í tàn.

Bí fọ́tò yín bá jẹ́ infrared aláwọ̀ (fíìmù tó ń mú ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí), tí ewéko pọ́n bí osùn, ẹ má gbìyànjú láti sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pípọ́n rẹ̀ sì ni ẹwà rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ sún fọ́tò náà kéré títí á fi tó sítáǹpù lẹ́tà lójú kọ̀ǹpútà, ẹ dìde, ẹ lọ dúró ní òdìkejì yàrá. Bí ìlà bá ṣì hàn, iṣẹ́ ti ṣe. Bó bá di eérú, ẹ padà sí Curves. Bó bá di eérú lẹ́ẹ̀mẹta, fọ́tò náà ni kò dára, ẹ lọ mú òmíràn. Mo mọ̀ pé ó dunni.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ gé e, ẹ yí i

Ẹ wá ohun kan tó dá ìlà dúró, kan ṣoṣo: odò, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, ilé-oko kan pẹ̀lú igi tó yí i ká. Ẹ má fi í sí àárín géérégé. Bí ìlú tàbí pápá ọkọ̀ òfuurufú bá wọ igun kan, ẹ gé e dànù, ojú kì í kúrò lára rẹ̀.

Ní ti yíyí: àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Nínú irú fọ́tò yìí, ẹ lè fi tẹlẹ̀ o. Kò sí òfin tó ní àríwá gbọ́dọ̀ wà lókè. Kódà, ní Amẹ́ríkà òjìji igi àti òkè máa ń nà sí àríwá, ojú wa sì ti mọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń ti òkè bọ̀. Bí àríwá bá wà lókè, ojú lè tan yín, kí àfonífojì máa yọ sókè bí òkè. Ẹ dorí fọ́tò náà kodò kí òjìji máa bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín, ilẹ̀ á tò bó ṣe yẹ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ pé, “Níbo ló ga, níbo ló rẹlẹ̀?” Bó bá ṣì í, ẹ yí i.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ tẹ díẹ̀ wò kí ẹ tó tẹ odindi

Ẹ gé apá kan tó ní dúdú jù àti funfun jù nínú, kó tó ìwọ̀n A4, ní títóbi tó máa ní gan-an lórí ògiri. Kí ẹ ní kí wọ́n tẹ ìyẹn nìkan, lórí bébà tí ẹ máa lò gan-an. Bébà òwú tí kò dán, gíráàmù 300, ló bá irú fọ́tò yìí mu jù. Ẹ mú un délé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ wò ó ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Yàrá yín ló máa sọ òótọ́, kì í ṣe iná ṣọ́ọ̀bù wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbọ́dọ̀ lè rí nǹkan nínú ibi tó dúdú jù. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ tún gbé àárín Curves sókè, kí ẹ tún tẹ díẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ 8: Férémù àti ìṣó

Páálí funfun tí kò ní ásíìdì, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, yí fọ́tò náà ká, kó má bàa kan gíláàsì. Bébà tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì kì í ṣí mọ́. Férémù tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Àárín fọ́tò kó wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 145 sí 150 sí ilẹ̀, kó má sì kọjú sí fèrèsé. Ìṣó méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, torí pé ìlà oko tó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan máa ń hàn ju ohunkóhun mìíràn lọ nínú yàrá.

Bí mẹ́ta lẹ fẹ́ gbé kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ má mú mẹ́ta tó tẹ̀ léra, oko kan náà lẹ máa rí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fo ọ̀kan láàárín, kí ẹ sì gé ibi tó ṣì bára mu kúrò. Kí ẹ sì tún ìmọ́lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe papọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí, nígbà tí oòrùn bá wọlé. Bí ẹ bá rí ojú ara yín nínú gíláàsì ju oko lọ, ẹ gbé e lọ sí ògiri mìíràn.

Kí ẹ tó gbé e kọ́, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà fọ́tò náà, ọjọ́ tí wọ́n yà á àti orúkọ ìpínlẹ̀ sẹ́yìn férémù. Mi ò kọ ti èyí tó wà ní yàrá mi. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń wá èyí tó tẹ̀ lé e.